Kí Ló Dé Tó Fi Jẹ́ Ibí? Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Ìgbògbò Tó Ń Lọ Kọ́ Jọ́gíráfì

Ìyá ẹ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó ní o ò jẹun láti àná. Ó ní Òfin lo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, Jọ́gíráfì ni yunifásítì gbé fún ẹ. Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mo fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohun tó ṣe ẹ́ yìí ló ṣe èmi náà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mo káwọ́ lérí, mo ń gbọ́ bí olùkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí èèyàn ń gbé àti ìdí tó fi ń gbé ibẹ̀. Mo ń sọ nínú ara mi pé, ṣé nítorí èyí ni bàbá mi ṣe ta ilẹ̀? Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ojú mi tó là. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Jẹun kí o tó kà á.

1. Má tijú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ á máa bi ẹ́ bóyá orúkọ olú-ìlú lo fẹ́ lọ há sórí. Jẹ́ kí wọ́n máa bi ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, tí wọ́n bí ní Kánò ní 1931, jọ́gíráfì yìí náà ló kọ́. Àwọn ìlú wa ló fi ṣèwádìí: bí wọ́n ṣe dàgbà, ẹni tó ń wọ̀ wọ́n, ẹni tó ń kó jáde. Ní 1980, wọ́n fi í jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì gbogbo àgbáyé. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó jẹ ẹ́ rí ṣáájú ẹ̀. Ní 2017, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Vautrin Lud, èyí tí wọ́n máa ń fi wé Nobel nínú iṣẹ́ náà. Gbọ́ èyí pẹ̀lú, ìwọ ọmọ tó fẹ́ ṣe lọ́yà: nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà tò ní 2009, òun onímọ̀ jọ́gíráfì ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ náà.

2. Ohunkóhun tí o bá rí, kọ́kọ́ bi í pé: kí ló dé tó fi jẹ́ ibí? Ìbéèrè yìí ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún, ìyókù, àlàyé ni. Mú Ìkòròdú tí o ti ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ láti kékeré. Kí ló dé tí ọjà ńlá fi wà níbẹ̀, tí kò fi jẹ́ Ìgbògbò tiwa? Wo ọ̀nà. Ẹni tó ń ti Rẹ́mọ bọ̀ láyé ọjọ́un, tó ru epo pupa, Ìkòròdú ni ilẹ̀ ti tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń sọ ẹrù, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e dé Èkó. Ọkọ̀ yìí náà ló ń kó iyọ̀, aṣọ àti ìbọn bọ̀. Ibi tí ẹrù bá ti ń kúrò lórí bọ́ sínú ọkọ̀, èèyàn á dúró níbẹ̀. Ẹni tó dúró á jẹun, ẹni tó jẹun á wá ibi tó máa sùn, ìyá tó ń ta oúnjẹ fún wọn á sì kọ́lé. Bí ọjà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọjà tí owó bá sì wà níbẹ̀, ogun kì í pẹ́ gbọ́. Àwọn Ẹ̀gbá kò fẹ́ kí Ìbàdàn àti Rẹ́mọ ní ọ̀nà míì dé Èkó tí kò gba ọwọ́ àwọn kọjá, ni wọ́n bá dó ti Ìkòròdú. Oṣù kẹta 1865 ni Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, tí àwọn baba wa ń pè ní Gòlóbà, kó ọmọ ogun láti Èkó wá lé wọn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn wa ju àwọn Ẹ̀gbá lọ. Ọ̀nà ọjà ló ń jà fún. Bí o bá lọ sí èbúté Ìpakodò lọ́la, tí o rí àwọn tó tò láti wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ṣì ń tọ̀. Ẹrù nìkan ló yí padà.

3. Mọ aago tí o débẹ̀. Èyí dùn mí láti sọ, ṣùgbọ́n mà á sọ ọ́. Ní ọdún kẹta mi, wọ́n ní kí kálukú lọ wo abúlé kan, kó kọ bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀. Mo lọ sí abúlé apẹja kan létí ọ̀sà. Nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni mo débẹ̀, mo wọ bàtà aláwọ, mo mú ìwé àti bírò dání. Àwọn obìnrin ni mo bá, wọ́n ń yan ẹja lórí àgbá tí wọ́n gé sí méjì, èéfín bo gbogbo ìsàlẹ̀ òrùlé. Àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọ̀n wà lórí igi, wọ́n sá a. N kò rí ọkùnrin kan tó dàgbà, àfi bàbá arúgbó kan tó jókòó sábẹ́ igi àgbọn. Mo yí abúlé náà ká lẹ́ẹ̀kan, mo sì padà sílé lọ kọ ojú ewé mẹ́sàn-án. Mo kọ ọ́ pé àwọn ọkùnrin abúlé náà ti kó lọ sí Èkó lọ wáṣẹ́. Mo dárúkọ òyìnbó mẹ́ta láti fi tì í lẹ́yìn.

Olùkọ́ mi dá a padà. Kò fa ìlà sí ibi kankan, kò sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi bírò pupa kọ sókè: Aago mélòó lo débẹ̀?

Mo padà lọ. Mo bẹ ìyá kan lára àwọn tó ń yan ẹja, ó tẹ́ ẹní fún mi síwájú ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo rí iná lórí omi, ọ̀kan, méjì, lẹ́yìn náà wọn ò ṣeé kà mọ́. Àwọn ọkùnrin abúlé náà ló ń bọ̀. Omi ń kán lára wọn, wọ́n wọ́ ọkọ̀ sórí iyanrìn, àwọn obìnrin sì pàdé wọn pẹ̀lú agbada, ariwo iye owó sọ lójú ẹsẹ̀. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, wọ́n ti jẹ ẹ̀bà, wọ́n ti sá àwọ̀n, wọ́n ti wọlé. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, abúlé náà tún rí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn, tí mo ti ń kọ ọ́ pé wọn ò sí nílé, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ sí ẹ̀yìn kọ́tìnì tí ọ̀kan nínú wọn ti ń hanrun.

Ìgbògbò gan-an ńkọ́? Aago márùn-ún ìdájí, èrò kún oríta, kọ́ńdọ́ ń pe Máìlì 12, ń pe Kétu. Ní ọ̀sán, o máa rò pé ìlú àwọn àgbà, àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn tó ń ta káàdì fóònù ni. Aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n tún padà dé, oorun ń kùn wọ́n nínú ọkọ̀. Ìlú mẹ́ta ni, orí ilẹ̀ kan náà.

4. Kí àwọn èèyàn kí o tó bi wọ́n léèrè nǹkan. Ẹni tó ń yan ẹja, ẹ kú ooru ni. Ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe, ẹ kú iṣẹ́ ni. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó yẹ, má sì yọ bírò jáde kí wọ́n tó ní kí o jókòó. Ìdí ni pé bírò àti ìwé ti ṣe àwọn èèyàn wọ̀nyẹn rí. Ẹni tó wá kọ orúkọ wọn nígbà kan, owó orí ló wá gbà; ẹni tó wá wọn ilẹ̀, katapílà ló tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá wò ẹ́ tìfura-tìfura, má bínú. Pàápàá jù lọ, má ṣe bi obìnrin ní tààràtà pé ọmọ mélòó ló bí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé àwo mélòó ló máa ń bu oúnjẹ sí lálẹ́. Á rẹ́rìn-ín, á sì kà á fún ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ.

5. Iye tí wọ́n bá gbé síwájú ẹ, béèrè ẹni tó kà á àti ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ní Nàìjíríà, iye èèyàn ni wọ́n fi ń pín owó, òun ni wọ́n fi ń pín ìjókòó ilé aṣòfin, nítorí náà kò sí ìkànìyàn tí kò dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n da ti 1962 nù, wọ́n tún un kà ní 1963. Wọ́n da ti 1973 náà nù. Ní 2006, Àbújá ní èèyàn 9,013,534 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Èkó, tí àwọn náà kà á lọ́wọ́ ara wọn, ní ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún. Èèyàn kan náà, ilẹ̀ kan náà, oṣù kan náà. Ṣé o rí i? Láti ìgbà yẹn, wọn ò tíì ka ẹnikẹ́ni. Wọ́n múra ti 2023, wọ́n sún un síwájú. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù kẹta 2006 ni wọ́n bí ẹ, Nàìjíríà ò tíì kà ẹ́ rí. Bí ẹnìkan bá wá fọwọ́ sọ̀yà fún ẹ pé báyìí-báyìí ni àwa èèyàn Ìkòròdú lónìí, bẹ̀ ẹ́ kó fi ìwé ẹ̀ hàn ẹ́.

6. Má ra próójẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́nu géètì ń tà á, tí wọ́n á sì bá ẹ fi orúkọ ẹ rọ́pò ti ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ kan gbé irú ẹ̀ wá fún mi kí n bá òun wò ó. Ó pa orúkọ ìlú àkọ́kọ́ rẹ́, ó fi Ìgbògbò sí i, ṣùgbọ́n ó gbàgbé odò. Bó ṣe di pé Odò Ọya ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ọjà Ìgbògbò nìyẹn. Mo bi í bóyá ó ti rí i rí. Ó dọ̀bálẹ̀.

7. Bọ̀wọ̀ fún òfin inú ìwé àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n mú un lọ síta lọ dán an wò. Ravenstein, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1885 pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kó kúrò nílé kì í rìn jìnnà, àti pé ibi tí èrò bá ń wọ́ lọ, àwọn kan á máa ti ibẹ̀ bọ̀. Ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi dé orí ẹ̀. Ìwọ, lọ sí ilé olójú-kojú tó wà lẹ́yìn ilé yín, kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan, kí o béèrè pé, ibo lẹ ń gbé kí ẹ tó dé ibí? O máa gbọ́ Bàrígà, o máa gbọ́ Mushin, o máa gbọ́ Kétu. Owó ilé ló lé wọn sọ́dọ̀ wa. Bàbá náà jàre níbẹ̀ yẹn. Àmọ́ òun ò mọ onílé tó ń gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn sì ni àwọn ayálégbé máa kọ́kọ́ sọ fún ẹ.

Von Thünen náà wà níbẹ̀, àgbẹ̀ ni, ó ní oko tiẹ̀ ní Jámánì. Ní 1826, ó sọ pé ohun tó bá tètè ń bàjẹ́, ẹ̀bá ìlú ni wọ́n á máa gbìn ín. Lóòótọ́, wo ẹbè tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí wọ́n ń bomi rin ní àbàtà káàkiri Èkó. Ṣùgbọ́n tòmátì, tí òun náà tètè ń jẹrà, láti Kánò àti òkè Ọya lọ́hùn-ún ló ti ń wá sí Máìlì 12. Kí ló dé? N kò ní sọ fún ẹ. Lọ bi àwọn tó ń já apẹ̀rẹ̀.

8. Máàpù kì í ṣe ilẹ̀. Èèyàn ló yà á, ó sì nídìí tó fi yà á bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ní ìjọba ìbílẹ̀ ogún ló wà ní Èkó. Ní 2003, ìpínlẹ̀ gé mẹ́tàdínlógójì míì sí i, ibẹ̀ ni Ìgbògbò-Báyékù ti jáde. Nítorí náà máàpù kan wà tí a wà lórí ẹ̀, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé Ìkòròdú nìkan lo máa rí.

Máàpù tó kàn wá jù ni ti afárá kẹrin tí ìjọba Èkó ní òun fẹ́ kọ́. Kí wọ́n tó bí ẹ ni wọ́n ti ń fa ìlà ẹ̀: láti ẹ̀gbẹ́ Ajah, kó la ọ̀sà kọjá, kó gúnlẹ̀ sí ìhà Báyékù àti Ìgbògbò, kó gba Itamaga lọ bọ́ sí títì Ìbàdàn, kìlómítà méjìdínlógójì. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ fún àjẹ́ǹtì, ó ní òun fẹ́ ra ilẹ̀ tí afárá máa gba iwájú ẹ̀ kọjá. Wọ́n tẹ́ máàpù fún un, aláwọ̀ mèremère. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó bá ọ̀dà pupa lára fẹ́ǹsì ẹ̀: afárá ò gba iwájú, àárín pálọ̀ ló fẹ́ gbà kọjá. Ọ̀dà pupa náà ti ń ṣá, fẹ́ǹsì náà ti ń ya, ọ̀rẹ́ mi ò lè kọ́ ilé, kò sì rí ẹni tó máa rà á. Bí o bá rí ìlà lórí ìwé, bi í ní ìbéèrè tó wà ní nọ́ńbà kejì, kí o sì fi kún un pé: ta ni ìlà yìí máa ṣe láǹfààní, ta ló máa lé kúrò nílé?

9. Bí iṣẹ́ bá gbé ẹ lọ sórí omi, wọ ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, kí o sì de okùn ẹ̀. Má sọ fún mi pé ọmọ etí ọ̀sà ni ẹ́. Àwọn tó rì náà mọ̀wẹ̀.

10. Má pe ẹnikẹ́ni ní àtọ̀húnrìnwá. Ìdí ni pé bí o bá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa, o máa rí i pé kò sí ìlú tó hù bí olú. Wo Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí àwọn òyìnbó fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní òpin ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá lọ pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀. Ó bá àwọn òyìnbó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn níbẹ̀ ní 1854, ó ń bá wọn ṣòwò epo, ó sì tó 1862 kí ó tó padà sí Èkó. Àwọn kan nínú àwọn èèyàn ẹ̀ ò bá a padà. Títí di òní, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó-Ẹ̀pẹ́ wà, ọjà ẹja kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Ta ni àlejò nínú wọn? Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, Sábó wà ní Ìkòròdú, Ìlàjẹ àti Ègùn wà létí omi, ọmọ Ìgbò ló ni ṣọ́ọ̀bù tí ìyá ẹ ti ń ra símẹ́ńtì. Bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Bi àwọn àgbà ilé yín náà. Bí bàbá mẹ́ta bá sọ ìtàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ nípa bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó, kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí o sì wo ilé tí kálukú wọn ti wá. Ìtàn kọ̀ọ̀kan máa ń gba ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń sọ ọ́ wọlé.

11. Ohun tí o bá kọ́ lọ́sẹ̀, sọ ọ́ fún ìyá ẹ ní Yorùbá nígbà tó bá ń ṣa ẹ̀wà. Bí kò bá yé e, ìwọ ni kò yé. Èmi náà ṣe é fún ìyá mi, ó máa ń já mi lu ilẹ̀. Ọjọ́ tí mo ṣàlàyé fún un pé ọjà kì í jìnnà sí ara wọn ju ibi tí ẹni tó ru ẹrù lè rìn dé kó sì padà lójúmọmọ, ó wò mí títí, ó ní, “Ṣé ohun tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ bàbá ẹ láti kọ́ ẹ nìyẹn? Èmi tí mo ń rìn ín ńkọ́?”

12. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, wá bá mi nílé. Má wọ bàtà tuntun. Mú ìwé kan àti bírò méjì, kí o fi fóònù sílẹ̀ fún ìyá ẹ. A máa lọ dúró ní èbúté Báyékù, níbi tí ọkọ̀ Láńgbàsà ti ń gúnlẹ̀, a máa kọ gbogbo ohun tó bá sọ̀ kalẹ̀ àti gbogbo ohun tó bá wọlé: èèyàn, àpò, ẹja, ọ̀kadà bí wọ́n bá gbé e. Èmi máa ka àwọn tó ń lọ, ìwọ máa ka àwọn tó ń bọ̀. Mà á ra àkàrà fún wa. Bí mo bá ṣì ń sùn nígbà tí o dé, má pe orúkọ mi sókè, àwọn ará ilé á jí. Fèrèsé kejì lápá òsì ni kí o kàn.